Níbo Ni Nọ́ńbà Kẹjọ Wà?

Tí o bá fẹ́ rí ìjà ọmọbìnrin yìí, sọ fún un pé kó pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn, pé á dáa. Ìyẹn ti tó. Ojú rẹ̀ á pọ́n, á bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, á wá bi ọ́ pé tí inú bá ń run ọ́, ṣé o kàn máa ń dákú díẹ̀ ni kó lè lọ? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-pa-á níbi iṣẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gan-an ò mọ òmíràn tó ń jẹ́.

Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà yín lẹ́rù o. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, apá kan wà tí ojú wa kì í rí, òun ló ń bá gbogbo ohun tí a bá kì bọ ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, òun ló ń fi ibi tí kálukú máa dúró sí hàn án. Òun là ń pè ní kẹ́nẹ̀ẹ̀lì. Ohun tí a bá kì bọ ẹ̀rọ á mú ọ̀nà tirẹ̀ wá, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde. Bọ́ọ̀sì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ọ̀nà yẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀sì tí ènìyàn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kẹ́nẹ̀ẹ̀lì ló ń pín nọ́ńbà: nọ́ńbà tó kéré jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀ ló máa fún ẹni tó bá dé, tí onítọ̀hún bá jáde, ó gbà á padà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré ni gbogbo nọ́ńbà. Tí wọ́n bá tán, wọ́n tán nìyẹn, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ò rọ́nà wọlé.

Ta ló wá kọ apá tó ń pín nọ́ńbà yìí? Bàbá Má-pa-á ni. Ó kọ ọ́ nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákò kiri abẹ́ tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà lónìí, ọmọ iṣẹ́ Bàbá ni nígbà yẹn, Bàbá ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ náà ń gbé. Tí ènìyàn bá fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Bàbá á mi orí sí i, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tán.

Ohun kan péré ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Tí òun àti ọmọ rẹ̀ bá wọ ibi kan, ì báà jẹ́ báńkì, ì báà jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó bá rí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ wọn ṣe, á fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ṣé tèmi ṣì wà nínú eléyìí?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

Ó tán, inú Bàbá á máa dùn ṣìnkìn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ilé ìwòsàn kan ló wá fẹ́ ba ayọ̀ yìí jẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n gbé e sí yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré tó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ibi tí aláìsàn bá lọ ni àpótí ń bá a lọ. Tí wọ́n bá tì í dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì á kì wáyà àpótí náà bọ ihò ara ògiri, ọkàn aláìsàn á sì yọ lójú ẹ̀rọ ńlá. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á kàn ṣàdédé yarí pé òun ò gba àpótí kankan mọ́, nọ́ńbà ti tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn àpótí tó wà lára ògiri ò tó ogún! Níbo ni nọ́ńbà tó kù wọlé sí?

"Mo ti ń kì í bọ̀ ọ́ láti àárọ̀," ni ọkùnrin tó ń dán ẹ̀rọ wò níbi iṣẹ́ wí. Ọwọ́-Irin ni wọ́n ń pè é. Ó sanra, ó ga, tó bá kì wáyà bọ ihò, bí ẹni kan ìṣó ni: tá! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. "Mẹ́jọ wọlé, mẹ́jọ jáde. Mẹ́jọ wọlé, mẹ́jọ jáde. Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ló ń parọ́."

"Nọ́ọ̀sì wo ló ráyè irọ́?" Má-pa-á dá a lóhùn.

"Ṣebí àwọn báńkì ń lò ó, kí ló dé tí wọn ò pariwo?"

"Àwọn báńkì ń pa á tí wọ́n bá ń lọ sílé! Tí wọ́n bá tún un tàn láàárọ̀, gbogbo nọ́ńbà ti padà sílé nìyẹn. Ta ló máa mọ̀ pé ohunkóhun sọnù?"

Fóònù ọ̀gá dún. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn náà ni, ọ̀gá sì ṣí i kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ ní kí n máa pa ẹ̀rọ yín láràárọ̀," ni ohùn obìnrin náà wí, láìyára, láìpariwo. "Ó dáa. Kí ni kí n wá sọ fún ọkàn àwọn aláìsàn mi? Kí wọ́n dúró ná títí ẹ̀rọ yín á fi jí?"

Ká ní Má-pa-á lè gba inú fóònù kọjá ni, ì bá lọ dì mọ́ ọn.

Nígbà tí fóònù kú, ọ̀gá jókòó, ó fọwọ́ nu ojú. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó fúnra wọn. Tí ẹ̀rọ bá tún kọ̀, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà fún wa. Èmi náà ò sì ní rí bí mo ṣe máa ṣe é, màá yọ apá tí Bàbá kọ kúrò pátápátá, màá fi ti ẹlòmíràn sí i. Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n ó ti gbó."

"Kí a kàn sọ nọ́ńbà di ẹgbẹ̀rún," Ọwọ́-Irin dá sí i.

"Garawa tó ń jò lo fẹ́ fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò," Má-pa-á fèsì, ó sì jáde kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń rò ni ọjọ́ tí òun àti Bàbá á tún wọ báńkì, tí Bàbá á sún mọ́ òun létí. Kí ni òun fẹ́ sọ fún un?

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan àti àpótí mélòó kan sẹ́yìn ọkọ̀, ó kó wọn lọ sílé Bàbá, ó tò wọ́n sórí tábìlì oúnjẹ. Bàbá ń wò ó láti orí àga, ọwọ́ wà nínú àpò.

"Iṣẹ́ ò tán níbi iṣẹ́ ni?"

"Ìdánwò lásán ni, Bàbá. Kékeré báyìí ni."

"Ọ̀gá yín ti pè mí."

Má-pa-á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń tú wáyà tí kò lọ́ pọ̀.

"Ó ní òun ò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ju ọwọ́ mi lọ." Bàbá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde dáadáa. "Ṣé tèmi ló burú, Àbígbẹ̀yìn?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. A ti wá a, a ò rí i."

"Ṣe é kí n rí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n bọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ sì ń kọ nọ́ńbà wọn sójú rẹ̀. Ó dé márùn-ún. Mẹ́fà. Méje. Ó yọ méje, ó dá a padà, méje náà ló tún gbà. Kò sí àbùkù kankan. Inú bí i débi pé ó fẹ́ gbá tábìlì. Àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ ń fi wọ́n ṣẹ̀sín! Fóònù rẹ̀ dún ní yàrá, ó lọ gbé e.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ọ. Kẹ́. Kẹ́kẹ́. Kẹ́kẹ́kẹ́. Bí ẹni pé èkúté ń họ ògiri. Ó rọra padà dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ti dìde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti jáde nínú àpò, ó fi di wáyà mú, ó ń wá ihò. Ẹnu wáyà kan ihò, ó kúrò, ó tún kàn án, ó tún kúrò. Bàbá fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó fi eyín di ètè, ìgbà tó yá wáyà wọlé. Bó ṣe gbójú sókè tó rí ọmọ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò bí ẹni tó jalè.

"Má bínú. Mo kàn ní kí n fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti bà á jẹ́."

Àánú ṣe é. Ó ti lanu láti sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹ̀rọ. Ó sún mọ́ ọn. Ó nu awò ojú rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, ó tún wò ó.

"Bàbá, nọ́ńbà wo ló kàn lẹ́yìn méje?"

"Ó ti wá dé bẹ́ẹ̀? Ṣé ọwọ́ mi gbọ̀n dé orí ni?"

"Mọ́kànlá ló fún un! Ẹ wò ó! Níbo ni mẹ́jọ wà? Mẹ́sàn-án dà? Mẹ́wàá dà?"

Bàbá wò ó. Kò mọ̀ pé òun tún ti yọ ọwọ́ jáde, ó fi ń tọ́ka sí ojú ẹ̀rọ, ìka náà ń gbọ̀n níwájú nọ́ńbà.

"Ẹ tún un ṣe, Bàbá."

"O ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ yín yẹn tún un ṣe!"

Ó tún un ṣe. Nọ́ńbà fò. Ó tún un ṣe, nọ́ńbà tún fò. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ fi yarí pé nọ́ńbà ti tán, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń ṣe nílé ìwòsàn. Má-pa-á hó yèè, ó fò mọ́ Bàbá lọ́rùn, àga sì ṣubú. Tí ará àdúgbò bá gbọ́ ariwo ọjọ́ yẹn, wọ́n á rò pé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ni. Bíbàjẹ́ ló bàjẹ́, òun ni wọ́n ń yọ̀ sí!

Ó ti wá yé e. Nọ́ọ̀sì tó ń ti aláìsàn bọ̀ ń fi ọwọ́ kan di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń fi èkejì kì wáyà bọ ihò láìwò ó. Wáyà á kàn, á kúrò, á tún kàn. Ìgbàkigbà tó bá kàn tó tún kúrò, nǹkan wọlé dé ìdajì, ó pòórá, nọ́ńbà tó gbà sì bá a lọ. Ọwọ́-Irin lè kì í bọ̀ ọ́ títí ọdún á fi parí, kò lè rí i láé. Ọwọ́ rẹ̀ ti dára jù.

Wọ́n jókòó ti kóòdù, àwọn ìlà àṣẹ tí Bàbá kọ fún kẹ́nẹ̀ẹ̀lì, èjìká kan èjìká. Má-pa-á ń sún un sókè, Bàbá ń kà.

"Dúró níbẹ̀," ni Bàbá wí.

Ibẹ̀ náà ni. Nọ́ńbà ni kẹ́nẹ̀ẹ̀lì kọ́kọ́ ń mú, kó tó ṣètò ohunkóhun mìíràn. Tí ètò tó kù bá kùnà, ó kàn padà sílé ni, kò sí ẹni tó ní kó dá nọ́ńbà sílẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. "Nígbà tiwa, síkúrù méjì la fi ń de wáyà mọ́ ara ẹ̀rọ. A ó ti pa ẹ̀rọ kí a tó dè é. Yálà ó wọlé, yálà kò wọlé. Ta ni mo fẹ́ kọ ìdajì fún?"

"Wọ́n ti yọ síkúrù, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò padà wá sọ fún kóòdù yín."

Ìyẹn pa Bàbá lẹ́rìn-ín dáadáa. Má-pa-á ti kọ ìlà tuntun: tí nǹkan bá kùnà, kí nọ́ńbà padà lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ dán an wò, àfi bí Bàbá ṣe gbá a lọ́wọ́.

"Rárá o! O ti kánjú jù. Ohun tó kùnà yẹn ò tíì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀, o sì ti dá mẹ́jọ padà. Ẹlòmíràn á dé, á gba mẹ́jọ. Èèyàn méjì á wà lórí mẹ́jọ. Ọkàn ta ni Mátírọ́ọ̀nù yín máa wá máa wò?"

Má-pa-á rí i lójú inú: nọ́ọ̀sì ń wo ọkàn tó ń lù dáadáa, bẹ́ẹ̀ ti ẹlòmíràn ni, ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì ń kú lọ.

"Kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tó kó wá," Bàbá ń bá a lọ, ohùn ìgbà tó jẹ́ ọ̀gá ti padà sí i lẹ́nu. "Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ gbà, nọ́ńbà ni kó gbẹ̀yìn dá padà."

Ó gbé ìlà náà sísàlẹ̀ pátápátá. Bàbá kì wáyà: kẹ́kẹ́kẹ́. Mẹ́jọ. Ó kùnà. Mẹ́jọ padà. Ó tún kì í. Mẹ́jọ náà ni!

"Ẹ̀yin lẹ máa kì í lọ́jọ́ tí Mátírọ́ọ̀nù bá wá," ni Má-pa-á wí.

Ojú Bàbá yí padà. "Láéláé. Níwájú ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́? Kí wọ́n dúró yí mi ká, kí wọ́n máa wo ọwọ́ mi? O ò tún gbọdọ̀ sọ ọ́." Ó sì dá ọwọ́ padà sínú àpò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá gbà láti wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátá, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ló jókòó sí. Mátírọ́ọ̀nù wọlé, obìnrin kékeré kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún, tó fi aago kọ́ àyà. Àpótí méje ti wà lára ẹ̀rọ, wọ́n sì ti fi ẹnu wáyà àpótí kẹjọ há Ọwọ́-Irin níka kí ọkàn rẹ̀ lè yọ lójú ẹ̀rọ. Ó fi ọwọ́ kejì gbé wáyà tó ń lọ sínú ihò ara ògiri, bíi ti wọ́ọ̀dù, ó kì í. Tá! Ó yọ ọ́, ó tún kì í. Tá! Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń kì í báyìí ní wọ́ọ̀dù?" Mátírọ́ọ̀nù bi wọ́n. "Ọwọ́ tí kò gbé ẹnikẹ́ni dání nìyẹn."

"Màmá, ẹ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín," ni ọ̀gá wí.

Ó gba wáyà. Wáyà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mi orí. "Èmi náà ò lè ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é tí wọ́n bá ń sáré gbé ènìyàn bọ̀."

Ọwọ́-Irin ní òun á jẹ́ kí ọwọ́ òun gbọ̀n. Ẹ wá wo ìran! Gbogbo ara ló ń gbọ̀n àyàfi ọwọ́, ìdí ń lọ, èjìká ń bọ̀, tá! wáyà wọlé. Kò sí ẹni tó lè pa ẹ̀rín mọ́ra, àfi Mátírọ́ọ̀nù. Òun ti ń gbé báàgì rẹ̀.

"Ẹ sọ pé ẹ ti tún un ṣe, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé àwọn aláìsàn mi lé ohun tí mi ò rí. Ẹ wá kó ẹ̀rọ yín."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀gá ò lè wo apá ibi tí Bàbá wà. Má-pa-á náà ò wò ó. Bàbá ti ní kò gbọdọ̀ tún sọ ọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Àga dún lẹ́yìn.

Bàbá ti dìde. Ó ń bọ̀ láàárín wọn, ọwọ́ nínú àpò, wọ́n sì ń yà fún un. Ó dé iwájú ògiri, ó yọ ọwọ́ náà. Ó pẹ́ tí ọ̀gá ti rí ọwọ́ yẹn kẹ́yìn. Bó ṣe rí bó ṣe ń gbọ̀n tó, ó wolẹ̀.

"Má wolẹ̀," ni Bàbá sọ fún un. "Ẹ̀rọ ni kí o wò."

Kẹ́kẹ́kẹ́.

"Mẹ́jọ wọlé," Má-pa-á ń kà á sókè. "Ó kùnà. Mẹ́jọ padà."

Kẹ́kẹ́.

"Mẹ́jọ wọlé. Ó kùnà. Mẹ́jọ padà!"

Mátírọ́ọ̀nù ti gbé báàgì sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn títí èjìká rẹ̀ fi kan ti Bàbá. Bàbá ń bá a lọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kọjá ibi tí nọ́ńbà máa ń tán sí, gbogbo wọn na ọrùn sí ojú ẹ̀rọ. Mẹ́jọ wọlé. Ó kùnà.

"Mẹ́jọ padà!" Ọ̀gá ló pariwo rẹ̀, ó ti gbàgbé pé ọ̀gá lòun. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo wọn ló ń ké e pọ̀: "Mẹ́jọ padà! Mẹ́jọ padà!" Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wọlé wá wo ẹni tó ń jà.

Níkẹyìn, Bàbá fi sùúrù ti wáyà wọlé tán. Mẹ́jọ dúró. Ọkàn Ọwọ́-Irin yọ lójú ẹ̀rọ, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

"Ẹ mú un lọ sí wọ́ọ̀dù mi," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Bàbá, ó na ọwọ́ sí i. "Mo gba ẹ̀rọ yín, Bàbá."

Má-pa-á ti mọ ohun tó kàn: Bàbá á mi orí, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n nínú ti Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin náà ò sì fún un mọ́lẹ̀ kó lè dákẹ́. Ó jẹ́ kó máa gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

"Kò sí ẹ̀rọ tó máa jáde níbí mọ́," ni ọ̀gá wí, "àfi èyí tí ọwọ́ Bàbá bá ti kọ́kọ́ kàn."

"Ẹ ó máa wá fi ọkọ̀ gbé mi o," ni Bàbá dá a lóhùn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Má-pa-á ń fi ọkọ̀ gbé Bàbá lọ sílé, wọ́n gba iwájú ilé ìwòsàn náà kọjá. Bàbá ní kó dúró ná. Ó ń wo fèrèsé tó wà lókè, níbi tí iná yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tàn, ó wá sún mọ́ ọmọ rẹ̀ létí.

"Ṣé tèmi ṣì wà nínú ìyẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Wọn ò sì tíì pa á látọjọ́ náà."

Bàbá yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síta, ó fi ń juwọ́ sí fèrèsé náà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ rò pé òun ni, ó sì juwọ́ padà.